Fọ́tò ọjọ́ìbí 70 ọdún ní Àkúrẹ́: fífi ìkùukùu ayé àtijọ́ sí i láì sọ awọ dúdú di eérú

Iṣẹ́ náà: fọ́tò mẹ́ta fún ìyá kan tó pé 70 ọdún ní Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́. Nínú àkọ́kọ́, màmá wọ lẹ́ẹ̀sì funfun tó ń dán, wọ́n sì wé gèlè aláwọ̀ wúrà. Nínú ìkejì, sányán ni ìró àti bùbá, iyùn wà lọ́rùn àti lọ́wọ́. Ìkẹta jẹ́ ẹtù láti òkè délẹ̀. Ohun tí àwọn ọmọ ń fẹ́ kò ṣòro láti sọ: kí fọ́tò náà rí bí èyí tó máa ń wà lára ògiri pálọ̀ àwọn àgbà, tó rọ̀ lójú, tí funfun rẹ̀ ti di àwọ̀ wàrà, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń tú jáde lára aṣọ. Rírọ̀ àti títúká ìmọ́lẹ̀ yẹn ni a ń pè ní ìkùukùu níhìn-ín. Àkọ́bí wá fi ọ̀rọ̀ kan kún un lórí WhatsApp: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bá wa bó màmá o.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà dá lé. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà tí a fi ń da ìkùukùu sí fọ́tò máa ń mú awọ mọ́ sí i, ó sì máa ń bu àwọ̀ rẹ̀ kù. Lára ẹni tó pupa, ìyàtọ̀ náà kéré, ẹ̀wà ni wọn yóò pè é. Lára màmá tó dúdú mìnìjọ̀, eérú ni. Nítorí náà, ibi tí ìkùukùu kò gbọ́dọ̀ dé ni a kọ́kọ́ ń wá, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà á.

Ohun tí ìkùukùu náà jẹ́

Kì í ṣe kí fọ́tò di bàìbàì. Ẹ mú fọ́tò àtijọ́ kan tó dára, kí ẹ sún mọ́ ọn dáadáa: ìpéǹpéjú ń hàn, etí gèlè ń hàn. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ ibi tó funfun ti ṣàn wọ inú ibi tó ṣókùnkùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Jígí lẹ́ǹsì tí wọn kò fi èròjà kankan pa lójú máa ń dá nǹkan bí 4% ìmọ́lẹ̀ padà ní ojú kọ̀ọ̀kan tó bá kan afẹ́fẹ́. Bí irú jígí bẹ́ẹ̀ mẹ́rin bá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú lẹ́ǹsì kan, ojú mẹ́jọ nìyẹn, ìmọ́lẹ̀ á sì máa ta síhìn-ín ta sọ́hùn-ún títí yóò fi bọ́ sórí fíìmù níbi tí kò yẹ kó dé. Àwọn lẹ́ǹsì kan tiẹ̀ wà tí wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe kí wọ́n lè rọ̀, bíi Imagon tí Rodenstock ṣe ní Jámánì láti nǹkan bí 1930: àwòrán tó mú ṣáṣá wà nísàlẹ̀, òmíràn tó tú ká bò ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Michael Orton, ayàwòrán ará Kánádà, dé ibẹ̀ lọ́nà mìíràn ní àwọn ọdún 1980. Ó ya fíìmù kan tó mú, ó ya òmíràn tí kò mú, ó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù nínú méjèèjì, ó wá tò wọ́n léra.

Mímú lábẹ́, títúká lókè. Ẹni tó bá kàn sọ gbogbo fọ́tò di bàìbàì ti ju apá ìsàlẹ̀ nù, ìyẹn sì ni fọ́tò fúnra rẹ̀.

Kì í sì í ṣe ọyẹ́. Nígbà ọyẹ́, láti December wọ February, ohun tó jìnnà ló máa ń kọ́kọ́ parẹ́. Ẹ lè wà lọ́nà Ìdànrè kí ẹ má rí òkè kankan, ẹni tó dúró níwájú yín á sì hàn kedere. Ìkùukùu lẹ́ǹsì kò mọ jíjìnnà, ibi tó mọ́ ló ń tẹ̀ lé. Ìdí nìyẹn tí dída àwọ̀ funfun kan bo ẹ̀yìn fọ́tò kì í fi í jọ ti àtijọ́. Ọyẹ́ ló máa ń jọ, àwọn oníbàárà á sì béèrè pé ṣé oṣù kìíní la yà á ni.

Ti kálà tún dá dúró. Aró mẹ́ta ló wà nínú fọ́tò kálà orí pépà: cyan, magenta àti yellow. Nínú ọ̀pọ̀ pépà àwọn ọdún 1970 tí wọ́n kó sínú àpótí, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé, cyan ló máa ń kọ́kọ́ ṣá. Bí cyan bá lọ, pupa á gba ilé: òkùnkùn fọ́tò á di àwọ̀ ilẹ̀ pupa, funfun pépà á sì yí sí àwọ̀ wàrà. Nítorí náà, nígbà tí a bá dé Curves (irinṣẹ́ tí a fi ń gbé ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ sókè tàbí wálẹ̀), Red ni a óò gbé sókè níbi òkùnkùn, Blue ni a óò fà wálẹ̀ níbi ìmọ́lẹ̀. Fíltà fóònù tó kàn ń da yẹ́lò lé gbogbo rẹ̀ bákan náà kò jọ ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀ rí.

Yíyà

Kámẹ́rà 24 megapixel, lẹ́ǹsì 85mm, f/2.8, ISO 200, RAW (fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe). Màmá jókòó sí ẹnu fàráńdà, oòrùn ìrọ̀lẹ́ wà lẹ́yìn wọn díẹ̀ sí apá òsì, aṣọ funfun fífẹ̀ kan sì wà níwájú tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sójú. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn yẹn kì í ṣe fáàrí. Bí kò bá sí ohun tó tàn nínú fọ́tò, kò sí ohun tí yóò ṣàn, gbogbo agbára kọ̀ǹpútà kò sì lè dá a.

Fún lẹ́ẹ̀sì funfun, a dín ìmọ́lẹ̀ kù ní 2/3 stop (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ kámẹ́rà) sí ohun tí kámẹ́rà fẹ́. Bí òwú lẹ́ẹ̀sì bá ti parẹ́ sínú funfun nígbà yíyà, ìkùukùu á sọ ibẹ̀ di pépà òfìfo. Awọ tó bá ṣókùnkùn díẹ̀ nínú RAW ṣeé gbé sókè, òwú tó ti sọnù kò ṣeé mú padà.

Òógùn iwájú orí: ẹ fi tíṣù tẹ̀ ẹ́, ẹ má ṣe nù ún, kí pówdà má baà ṣí. Ibi kékeré tó ń dán lórí imú á di iná gílóòbù nígbà tí ìkùukùu bá dé orí rẹ̀.

Àwọn kan máa ń ṣe ìkùukùu látinú kámẹ́rà tààrà, ọ̀nà náà sì dára fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Básílíìnì ni, tí a fi ìka pa yíká etí fíltà UV àtijọ́ kan, tí a sì fi àárín rẹ̀ sílẹ̀ tó fífẹ̀ kọ́bọ̀; kò gbọ́dọ̀ kan ojú lẹ́ǹsì gan-an láéláé. Tàbí ìbọ̀sẹ̀ nylon obìnrin tí a nà mọ́ ẹnu lẹ́ǹsì. Ìbọ̀sẹ̀ dúdú ló yẹ awọ dúdú, nítorí pé ìbọ̀sẹ̀ funfun máa ń gba ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ń dà á sórí òkùnkùn. Méjèèjì ń fẹ́ kí ojú lẹ́ǹsì ṣí, f/2 sí f/4. Bí ẹ bá pa á dé f/11, àmì ìka tàbí ojú ihò nylon lè bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lórí fọ́tò. Fún iṣẹ́ yìí a kò lo ìkankan. Ìkùukùu tó bá ti wọ inú RAW kò ṣeé bọ́ kúrò lójú nìkan kí a fi ti aṣọ sílẹ̀, ojú sì ni àdéhùn wa.

RAW di TIFF

darktable, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣí RAW, la lò. A gbé ìmọ́lẹ̀ sókè títí awọ iwájú orí màmá, níbi tí kò dán, fi dúró sí nǹkan bí Red 110, Green 75, Blue 55, lórí ìwọ̀n 0 sí 255. Ẹ kọ nọ́ńbà yín sílẹ̀, torí òun la óò fi máa wọn gbogbo ohun tó bá tẹ̀ lé e. A yọ gbogbo mímú àfikún tí darktable máa ń fi sí i, nítorí etí tó bá ti mú jù máa ń ní ìlà funfun tín-ín-rín, ìlà yẹn ni yóò sì kọ́kọ́ gbóná nínú ìkùukùu. TIFF 16-bit la fi jáde.

Bí ojú bá ní àbùkù tí ẹ fẹ́ tún ṣe, ìsinsìnyí ni. Heal, díẹ̀díẹ̀. Ẹ má yọ ilà ojú àgbà tán: ìkùukùu fúnra rẹ̀ á rọ̀ ọ́ lójú, bí ẹ bá sì ti kọ́kọ́ pa á rẹ́, ojú á di ike.

Nínú GIMP

GIMP ni ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún fọ́tò ṣe; GIMP 2.10 ni àwọn ìgbésẹ̀ yìí wà fún. GIMP 3.0 tó jáde ní 2025 ń jẹ́ kí ẹ padà yí nọ́ńbà fíltà lẹ́yìn tí ẹ ti ṣe é, ìrọ̀rùn ńlá ni, ṣùgbọ́n ètò náà kò yí padà.

Image > Precision, ẹ yan 32 bit floating point, linear light. Ní ipò yìí, ibi tó tàn á tú ká bí ìmọ́lẹ̀ gidi ṣe ń ṣe. Ó ní owó tí ẹ óò san: fọ́tò 4000 × 6000 jẹ́ píksẹ́lì mílíọ̀nù 24, ní báìtì 16 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 384 MB fún ìpele (Layer) kan ṣoṣo. Ìpele márùn-ún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2 GB láì tíì ka Undo. Láǹtọ́ọ̀pù 8 GB á rọ́jú gbé e. Ẹni tó ní 4 GB, kó lo 16-bit, ẹrù náà á dín sí ìdajì. Ẹ sì máa fi XCF (irú fáìlì GIMP fúnra rẹ̀) pamọ́ ní gbogbo ìgbésẹ̀, torí iná kì í dágbére kó tó lọ.

Ìpele ìsàlẹ̀ kò ní yí padà. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ méjì. Ìkínní, ìkùukùu kékeré: Filters > Blur > Gaussian Blur, Size 12 ní X àti Y. Èkejì, ìkùukùu ńlá: Size 60. Nọ́ńbà wọ̀nyí bá fọ́tò tí apá gígùn rẹ̀ jẹ́ 6000 mu, 0.2% àti 1% ni wọ́n. Bí tiyín bá jẹ́ 3000, ẹ lo 6 àti 30. Àìmọ èyí ló ń jẹ́ kí àwọn kan da nọ́ńbà ẹlòmíràn kọ, kí wọ́n wá máa sọ pé kò ṣiṣẹ́.

Kí ẹ tó yí Mode ìpele méjèèjì sí Screen, ẹ dúró díẹ̀, ibí ni wọ́n ti ń bó màmá.

Ohun tí Screen ń ṣe ni pé ó ń sọ ìpele méjì di ìmọ́lẹ̀ méjì tó tàn sójú kan náà. 128 lórí 128 á di nǹkan bí 192. 26 lórí 26 á di nǹkan bí 49. Ẹ wá fi awọ màmá wò ó: 110, 75, 55 lórí ara rẹ̀ á di 172, 128, 98. Ẹ rí i pé nǹkan méjì ló bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Awọ ti mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ìyẹn ni bíbó. Èkejì, tí ọ̀pọ̀ kì í fura sí: Red jẹ́ ìlọ́po méjì Blue tẹ́lẹ̀, ní báyìí kò ju ìlọ́po 1.75 lọ. Àwọ̀ ti ṣàn lára awọ, ìyẹn ni eérú. Bí ẹ bá fa Opacity (bí ìpele ṣe hàn tó) wálẹ̀, àbùkù méjèèjì á dín kù lóòótọ́, àmọ́ ìkùukùu lára aṣọ náà á bá wọn lọ, ẹ ò ní ní ohun tí ẹ ń wá mọ́.

Àtúnṣe rẹ̀: ẹ mú ẹ̀dà tó ti tú ká náà ṣókùnkùn ná. Colors > Curves lórí ìpele ìkùukùu nìkan: ẹ mú àárín, 128, kí ẹ fà á wálẹ̀ sí 70, kí 0 àti 255 wà ní ipò wọn. (Bí Curves yín bá ń ka 0 sí 100, ẹ fi 2.55 pín nọ́ńbà wa.) Lẹ́ẹ̀sì àti etí gèlè tí oòrùn kọlù ò ní kúrò ní òkè, wọn yóò ṣì máa tàn, awọ á ti lọ sísàlẹ̀, kò ní rí nǹkan fi kún ara rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni Screen: ìkùukùu ńlá ní Opacity 35%, kékeré ní 20%. Pẹ̀lú ìpele ńlá nìkan, awọ tó jẹ́ 110, 75, 55 á dúró sí nǹkan bí 121, 84, 62, Red á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ìlọ́po méjì Blue síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi Layer Mask funfun sí ìpele ìkùukùu méjèèjì; ibi tí ẹ bá kùn ní dúdú lára Mask ni ìpele náà á ti pa mọ́. Búrọ́ọ̀ṣì dúdú, Hardness 0, fífẹ̀ tó ìdajì ojú: ẹ kun ojú àti ọrùn ní Opacity 50%, ẹyinjú àti ètè ní 80% pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tó kéré. Etí ojú, níbi tí gèlè ti kan iwájú orí, ẹ jẹ́ kí ìkùukùu gèlè wọ orí awọ díẹ̀. Bí ẹ bá yọ ibẹ̀ mọ́ roro, yóò hàn pé wọ́n gé orí kan lẹ̀ mọ́ ara. Ìka ọwọ́ pẹ̀lú, awọ ni, ẹ má gbàgbé rẹ̀. Ó wọ́pọ̀ láti rí fọ́tò tí ojú rẹ̀ dúdú dáadáa, tí ọwọ́ tó wà lórí itan sì pupa bíi tẹlòmíràn.

Bí eérú bá ṣì kù, ó ní ẹ̀tàn kan tó dára: ẹ tún ṣe ẹ̀dà ìpele ìsàlẹ̀, ẹ gbé e lọ sókè pátápátá, Mode LCh Color, Opacity 50%, Layer Mask dúdú, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì funfun ṣí ibi awọ nìkan. Àwọ̀ awọ ti àkọ́kọ́ á padà sórí rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rírọ̀ ti ìkùukùu kò ní yí. Ẹ má lò ó ní 100%, nítorí awọ á tàn yàtọ̀ sí ohun gbogbo tó yí i ká.

Ṣíṣá

Layer > New from Visible, Curves lórí ìpele tuntun náà. Òkùnkùn, ìyẹn 0, ẹ gbé e sókè: Red sí 30, Green sí 20, Blue sí 18. Ìmọ́lẹ̀, ìyẹn 255, ẹ fà á wálẹ̀: Red sí 248, Green sí 240, Blue sí 222. Ẹ fi àmì kan sí àárín Curve kọ̀ọ̀kan kí ó má baà gbé awọ lọ pẹ̀lú wọn. Funfun lẹ́ẹ̀sì á di wàrà, dúdú irun á di àwọ̀ ilẹ̀.

Ìpele yìí náà ń fẹ́ Mask lórí awọ, ní nǹkan bí 30%. Òjìji abẹ́ àgbọ̀n àti ẹ̀gbẹ́ imú ló ń gbé ojú àgbà yọ. Bí wọ́n bá mọ́ jù, ojú á tẹ́ pẹrẹsẹ.

Àwọn aṣọ

Lẹ́ẹ̀sì inú fọ́tò àkọ́kọ́ ló rọrùn jù, bí ẹ bá ti ya òwú rẹ̀ dáadáa. Ìyọnu rẹ̀ ni àwọn ohun dídán kéékèèké tí wọ́n rán mọ́ ọn. Ìkùukùu kékeré máa ń sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn di iná, aṣọ á wá kún fún ojú funfun gbọ̀rọ̀gbọ̀rọ̀. Ẹ fi Mask pa ìkùukùu kékeré rẹ́ lórí àyà, kí ẹ fi ńlá nìkan sílẹ̀ níbẹ̀.

Sányán gba àwọ̀ wàrà yìí ju aṣọ èyíkéyìí lọ, bí ẹni pé torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe hun ún. Ìṣòro tó wà ni pé àwọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ti awọ lẹ́yìn ṣíṣá, ọwọ́ àti aṣọ á fẹ́ pọ̀ mọ́ra. A gbé ìkùukùu ńlá sókè sí 45% lórí aṣọ, a sì fi ti awọ sílẹ̀ bó ṣe wà, ọwọ́ bá yọ jáde. Ti iyùn ṣòro díẹ̀. Pupa iyùn ti wà ní òkè ọ̀hún tẹ́lẹ̀. Bí ó bá tú ká, yóò da àbàwọ́n pupa sí ọrùn àti àgbọ̀n. Nínú ìkùukùu ńlá, iyùn kọ̀ọ̀kan la fi Mask yọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí ọ̀nà àbùjá. Àmọ́ nígbà tí iyùn bá mú ṣáṣá láàárín aṣọ tó rọ̀, ojú ò ní fẹ́ kúrò níbẹ̀.

Ẹtù kọ̀. Aró dúdú rẹ̀ fẹ́ búlúù, Red tí a gbé sókè nínú òkùnkùn sì sọ ọ́ di àwọ̀ àlùkò. Ìlà funfun tín-ín-rín inú rẹ̀ náà ń tú ká sórí aró, aṣọ á wá rí bí èyí tí wọ́n ti fọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ẹtù á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kì í ṣe bó ṣe rí nìyẹn.

Fóònù

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é lórí fóònù, Lightroom á gbé e dé ìdajì ọ̀nà: Clarity −20, Dehaze −10, kí ẹ yan awọ pẹ̀lú Mask kí ẹ sì dá Dehaze padà sí 0 níbẹ̀. Dehaze tó lọ sísàlẹ̀ ló ń da eérú, kì í ṣe Clarity. Nínú Snapseed, Glamour Glow ní 25, lẹ́yìn náà View Edits, kí ẹ fi ìka pa á rẹ́ lójú. Ó tó fún status. Kò tó fún fíríìmù.

Hóró àti fífọ fọ́tò

Ìkùukùu tó tú ká gidi máa ń dá ìlà sílẹ̀ lẹ́yìn fọ́tò nígbà tí ẹ bá sọ ọ́ di JPEG 8-bit, pàápàá lára ògiri tí ìmọ́lẹ̀ ti ń rọra dín. Hóró fíìmù, àwọn ojú kéékèèké bí iyanrìn lára fọ́tò, ló ń pa ìlà yẹn mọ́, nítorí náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gé fọ́tò dé ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ fọ̀, kí ẹ tó da hóró sí i. Bí ẹ bá dà á sí fáìlì ńlá kí ẹ tó dín in kù, hóró á yọ́ mọ́ra, kò ní sí mọ́. Filters > Noise > HSV Noise, Hue 0, Saturation 0, Value díẹ̀, ẹ sì wò ó ní 100% lójú kọ̀ǹpútà: ó yẹ kó hàn lára ògiri, kó má sì hàn lára ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ìwọ̀n: àwọn ọmọ fẹ́ 10 × 12 íǹṣì. Ní 300 píksẹ́lì fún íǹṣì, 3000 × 3600 nìyẹn. Ẹ ṣọ́ra fún gèlè. Fáìlì 4000 × 6000 á di 4000 × 4800 kó tó bá 10 × 12 mu, 1200 píksẹ́lì ló máa kúrò lórí àti nísàlẹ̀. Ẹni tó bá ya gèlè kan etí òkè fọ́tò yóò bá láàbù jà lásán. Láti ìgbà yíyà ni a ti ń fi àyè sílẹ̀.

Ní láàbù, ohun méjì ló ń ba fọ́tò ìkùukùu jẹ́. Ẹ̀rọ wọn máa ń tún kálà ṣe fúnra rẹ̀: ó rí fọ́tò tí dúdú rẹ̀ kò dúdú, ó gbà pé àṣìṣe ni, ó sì fà á padà sí dúdú kíjikíji. Ẹ sọ fún ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ kó pa àtúnṣe yẹn, kí ẹ sì dúró tì í títí tí yóò fi pa á. Èkejì ni pépà. Dúdú orí pépà matte kò lè ṣókùnkùn tó ti pépà dídán. Pépà fúnra rẹ̀ ti bá yín gbé òkùnkùn sókè, bí ẹ bá tún gbé e, ẹ ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Fún matte, Red 30 wa di 18, Green 20 di 11, Blue 18 di 10. Fún pépà dídán, a fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀.

A kì í tẹ 10 × 12 láì tẹ ẹ̀yà kékeré. Ẹ gé ojú àti gèlè nìkan, kí ẹ tò wọ́n mẹ́ta sórí 4 × 6 kan, ìkùukùu ńlá ní 25%, 35% àti 45%. Owó 4 × 6 kan kò tó nǹkan. Ẹ gbé e lọ sí ojú ọ̀nà, kúrò lábẹ́ iná funfun láàbù tó ń mú ohun gbogbo dà bí búlúù, kí ẹ wò ó nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. 45% tó rẹwà lójú kọ̀ǹpútà sábà máa ń pọ̀ jù lórí pépà, nítorí pé pépà kò ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Fún lẹ́ẹ̀sì, 35% ni wọ́n mú. Sányán dúró sí 45% lórí aṣọ, 25% lórí ohun tó kù.

JPEG, sRGB, Quality 95. Bí fáìlì bá gba orí WhatsApp kọjá lọ sí láàbù, Document ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, WhatsApp á fún un pọ̀, hóró á di pátápàtà, ìlà tí hóró bò á sì tún yọ.

Méjì ti wà nínú fíríìmù. Ẹtù ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà: a ti yọ Red kúrò nínú òkùnkùn aṣọ, ó wà ní 20 bíi Green, Blue la gbé sí 28, awọ àti ògiri sì wà lórí nọ́ńbà àtijọ́ pẹ̀lú Mask láàárín wọn. Àlùkò ti lọ. Ó ku ìlà funfun inú rẹ̀: Curves ìpele ìkùukùu ni a óò tún fà wálẹ̀ níbẹ̀, 128 sí 50, kí a tó tẹ 4 × 6 rẹ̀.